Iṣẹ́ tí a Rán Ẹnjinníà: Ọ̀rọ̀ Sísọ àti Ọ̀rọ̀ Gbígbọ́ nínú Ìtàn Iṣẹ́ Ẹ̀rọ



1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ewì, ìtàn àròsọ àti eré oníṣe ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹnjinníà. Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé ìṣirò, àwòrán àti irin ni iṣẹ́ ẹnjinníà, àti pé ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ti lọ́yà, ti oníwàásù àti ti àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀. Bí ẹnjinníà kan kò bá lè sọ̀rọ̀ láwùjọ, a ó rẹ́rìn-ín, a ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé èrò yìí kò tọ̀nà, àti pé ẹ̀mí púpọ̀ ti bá a lọ.

Kí ohun kan yé wa láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ dídùn lè mú afárá tí ìṣirò rẹ̀ kò péye dúró. Irin kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, omi kì í sì í gbọ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnjinníà kan ṣoṣo tí ó ń dá kọ́ afárá. Ẹni tí ó ya àwòrán lè wà ní ìlú kan, kí ẹni tí ó ń rọ irin wà ní ìlú kejì, kí àwọn tí ó ń to irin náà wà ní ìlú kẹta. Ọ̀rọ̀ ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Bí okùn yìí bá já, ẹni tí ó ti rí ewu kò ní lè dá ẹni tí ń rìn lọ sínú ewu dúró. Ìtàn méjì láti òkè òkun àti méjì láti Èkó ni n ó fi ṣe ẹ̀rí.

2. Iṣẹ́ rírán àti iṣẹ́ jíjẹ́ nínú ìrònú Yorùbá

Kí a tó dé òkè òkun, ó yẹ kí a yẹ ilé wò. Àwọn baba ńlá wa ronú jinlẹ̀ lórí bí iṣẹ́ ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a mú àrokò. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé ọkàn òun ń fà sí i, nítorí ẹ̀fà àti fífà bá ara wọn mu létí. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá yóò ka owó náà, yóò sì rí i pé mẹ́fà ni. Kò ṣi ìṣirò ṣe rárá. Síbẹ̀ kò gbọ́ ohun tí a sọ.

Ìlù dùndún pẹ̀lú kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Ohùn ni dùndún lè gbé jáde. Kò lè pe ìró kọ́ńsónáǹtì tàbí ìró fáwẹ̀lì. Bí a bá fi ìlù pe ọkọ̀, ọjà àti ẹsẹ̀, bákan náà ni yóò dún létí. Àyàn mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí ó sì dákẹ́. Yóò fi oríkì tàbí òwe tí gbogbo ìlú ti mọ̀ yí ọ̀rọ̀ náà ká títí ìtumọ̀ kan ṣoṣo yóò fi kù. Onílù tí ó gbọ́n kì í bi ara rẹ̀ pé, ‘Ǹjẹ́ mo ti sọ ọ́?’ Ohun tí ó ń bi ara rẹ̀ ni pé, ‘Ǹjẹ́ wọ́n ti gbọ́ ọ?’

Òwe kan wà tí a fẹ́ràn púpọ̀: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òwe náà dára nínú ẹbí àti láàárín ọ̀rẹ́, níbi tí olùsọ àti olùgbọ́ ti jọ mọ ìyókù ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ ẹ̀rọ, àbọ̀ ọ̀rọ̀ a máa di odindi ọ̀tọ̀ nínú olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan. Òwe kejì ni ó bá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí mu jù: ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹ fi òwe yìí sọ́kàn. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé: ta ni ó rán ẹnjinníà níṣẹ́?

3. Afárá Quebec, 1907

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará ìlú Quebec ní orílẹ̀-èdè Kánádà pinnu láti fi afárá irin kọjá odò St. Lawrence. Wọ́n gba Theodore Cooper, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjinníà afárá tí òkìkí wọn kàn jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Ilé-iṣẹ́ Phoenix Bridge tí ó wà ní Phoenixville, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni ó gba iṣẹ́ irin. Ní 1900, Cooper mú kí a fa àárín afárá náà gùn láti 1,600 ẹsẹ̀ bàtà dé 1,800. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, kò ní sí èkejì rẹ̀ ní gbogbo ayé.

Àṣìṣe ìṣirò wà níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. A kò tún ìwúwo afárá náà ṣírò bí ó ti yẹ lẹ́yìn tí a fà á gùn. Nígbà tí ó hàn pé irin náà wúwo ju iye tí a ti fojú dá lọ, iṣẹ́ ti jìnnà. Cooper sì pinnu pé ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀pá irin ńláńlá tí ó wà nísàlẹ̀ afárá bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù tí ó ju agbára wọn lọ.

Ṣùgbọ́n irin kò wó láìsọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ kí ó tó wó, àwọn ènìyàn sì rí i pé ó ń tẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, Norman McLure, ọ̀dọ́ ẹnjinníà tí Cooper fi sí ibi iṣẹ́ náà láti máa ṣojú fún un, ń kọ lẹ́tà sí New York pé àwọn ọ̀pá kan ti wọ́. Cooper kò sí níbẹ̀ láti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ara rẹ̀ kò le, láti 1903 ni kò sì ti fi ẹsẹ̀ kan ibi iṣẹ́ náà mọ́. Ní ọdún 1903 yẹn kan náà, nígbà tí ìjọba Kánádà fẹ́ kí ẹnjinníà mìíràn máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó ta kò ó, àbá náà sì bì ṣubú. Gbogbo àṣẹ wá di ti ẹnì kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. McLure ní lẹ́yìn tí a ti to àwọn ọ̀pá náà sí ipò wọn ni wọ́n wọ́. Àwọn ará Phoenixville ní rárá, wọ́n ti wọ́ kí wọ́n tó gbé wọn gorí afárá. Iyàn yìí kò kéré: bí ọ̀rọ̀ McLure bá jẹ́ òótọ́, afárá ń kú lọ; bí ti Phoenixville bá jẹ́ òótọ́, kò sí ewu. McLure ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni, àwọn tí ó ń bá a jiyàn sì ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́. Yorùbá ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn kò fi ìyẹn kọ́ afárá Quebec.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 27 oṣù náà, wọ́n wọn ọ̀pá kan tí wíwọ́ rẹ̀ ti jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì kan ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú. Ó ti lé ní ínǹṣì méjì. Olórí àwọn tí ó ń to irin dá iṣẹ́ dúró. Kò pẹ́, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnjinníà àgbà tí ó dúró fún ilé-iṣẹ́ afárá ní Quebec kọ̀wé sí Cooper pé ìdádúró yóò kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì lè fọ́n ká kí àsìkò iṣẹ́ ọdún náà tó parí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Ìbéèrè nípa agbára irin ni ó wọ inú yàrá. Ìbéèrè nípa ojú àwọn ènìyàn ni ó jáde.

McLure wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí New York. Ní ọjọ́ 29, ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àlàyé fún Cooper, Cooper sì gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí lẹ́tà kò lè ṣe fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ojú-kojú ṣe é láàárín wákàtí kan. Cooper tẹ wáyà lọ́sàn-án ọjọ́ náà pé kí a má ṣe di ẹrù mìíràn lé afárá náà mọ́ títí a ó fi gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n Phoenixville ni ó tẹ wáyà náà sí; kò tẹ ọ́ sí Quebec. Ní Phoenixville, a rí wáyà náà gbà, kò sì sí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí ó wà lórí irin. McLure dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jókòó, wọ́n sì pinnu pé kí ilẹ̀ mọ́ kí a tó ṣe ohunkóhun.

Ilẹ̀ kò mọ́ fún afárá náà. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ó wó lulẹ̀. Ènìyàn 86 ni ó wà lórí rẹ̀, 75 kú. Ju 30 lọ nínú wọn ni ó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Mohawk láti ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Kahnawake, tí ìdílé wọn ti sọ iṣẹ́ irin òkè di iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Gbogbo ìlú ni ó di opó àti ọmọ òrukàn lọ́jọ́ kan.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba Kánádà gbé kalẹ̀ gbé ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 1908. Ó dá Cooper àti ẹni tí ó ya àwòrán ní Phoenixville lẹ́bi pé ìdájọ́ wọn kùnà. Ó tún fi hàn pé kò sí ẹnì kan níbi iṣẹ́ náà tí ó ní ìmọ̀ tí ó sì tún ní àṣẹ láti sọ pé, ‘Ẹ dúró.’ Àwọn tí ó ní àṣẹ jìnnà. Àwọn tí ó wà nítòsí kò ní àṣẹ. Wọ́n tún afárá náà kọ́. Ní 1916, nígbà tí wọ́n ń gbé àárín rẹ̀ gòkè, ó já, ènìyàn 13 sì tún kú. Ní 1917 ni ó tó parí, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní.

4. Òrùka irin àti ọ̀rọ̀ akéwì

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí tí àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ní 1922, H. E. T. Haultain, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Toronto, dábàá pé kí àwọn ẹnjinníà Kánádà ní ìbúra kan tí yóò máa rán wọn létí ojúṣe wọn. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò kọ ọ̀rọ̀ ìbúra náà, wọn kò lọ bá ẹnjinníà. Rudyard Kipling, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n kọ̀wé sí, ó sì kọ ọ́. Ní 1925 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ètò náà ní Montreal. Láti ìgbà náà ni ẹnjinníà Kánádà tí ó bá ti búra ti ń fi òrùka irin sí ọmọ ìka tí ó kéré jù ní ọwọ́ tí ó fi ń ṣiṣẹ́, kí òrùka náà lè máa kan ìwé bí ó bá ti ń ya àwòrán. Àwọn kan máa ń sọ pé láti ara irin afárá tí ó wó ni a ti rọ àwọn òrùka àkọ́kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò yé tàn kálẹ̀, nítorí pé ó fi ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn hàn.

Ta ni Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí Ògún? Alágbẹ̀dẹ, ọdẹ àti awakọ̀ ń fi irin búra láàárín wa, ẹni tí ó bá sì fi irin búra gbà pé ọ̀rọ̀ òun ti ní ẹlẹ́rìí tí kì í gbàgbé. Ohun tí àwọn ará Kánádà wá kiri ní 1922 ni pé kí a so irin mọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a yà wọ́n nípá.

5. Challenger, 1986

Àwọn kan lè sọ pé ìtàn àtijọ́ nìyẹn, ìgbà lẹ́tà àti wáyà. Pé bí tẹlifóònù bá ti pọ̀ tó ní 1907 bí ó ti pọ̀ lónìí, afárá kò ní wó. Ìtàn kejì ni yóò dá wọn lóhùn. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1986, tẹlifóònù so ibi mẹ́ta pọ̀ ní Amẹ́ríkà: Utah, níbi tí ilé-iṣẹ́ Morton Thiokol wà, Alabama, níbi tí ọ́fíìsì NASA tí ń bójú tó iṣẹ́ wọn wà, àti Florida, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú Challenger ti dúró de òwúrọ̀. Gbogbo wọn ń gbọ́ ohùn ara wọn.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí òrùka rọ́bà tí ó ń dí oríkèé àwọn àgbá iná tí ń ti ọkọ̀ náà gòkè. Roger Boisjoly, ẹnjinníà Thiokol, ti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1985 pé bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí oríkèé wọ̀nyí, ẹ̀mí lè ṣòfò. Ní alẹ́ tí a ń wí yìí, wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òtútù òwúrọ̀ yóò bọ́ sísàlẹ̀ ìwọ̀n tí omi fi ń di yìnyín. Ọkọ̀ kankan kò tíì gbéra nínú òtútù tí ó kọjá ìwọ̀n 53 ti Fahrenheit. Rọ́bà tí ó tutù a máa le, kì í sì í tètè padà sí ipò. Boisjoly, Arnold Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní kí ọkọ̀ náà má gbéra bí ooru kò bá tó 53. Ilé-iṣẹ́ wọn sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìmọ̀ràn náà.

Inú àwọn ìjòyè NASA kò dùn. Ọ̀kan béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí òun dúró di oṣù kẹrin. Thiokol tọrọ ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n lè dá sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Boisjoly àti Thompson dìde, wọ́n gbé àwòrán síwájú àwọn ọ̀gá, wọ́n tún ọ̀rọ̀ wọn sọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ẹni tí ó tún ń gbọ́, wọ́n jókòó. Ọ̀gá àgbà kan wá sọ fún Robert Lund, olórí àwọn ẹnjinníà, pé kí ó ṣí fìlà ẹnjinníà kúrò lórí, kí ó dé ti ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Lund yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tí Challenger gbéra, ó fọ́ yángá lójú ọ̀run. Àwọn méje tí ó wà nínú rẹ̀ kú. Olùkọ́ ilé-ìwé kan, Christa McAuliffe, wà lára wọn.

Ìgbìmọ̀ tí William Rogers jẹ́ alága fún gbé ìjábọ̀ jáde ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ni pé àwọn tí ó ní àṣẹ ìkẹyìn láti sọ pé kí ọkọ̀ gbéra kò gbọ́ rárá pé àwọn ẹnjinníà Thiokol ti kọ́kọ́ ní kí ó má gbéra. Ọ̀rọ̀ náà dúró lọ́nà, gẹ́gẹ́ bí wáyà Cooper ti dúró ní Phoenixville. Ọdún 79 ni ó wà láàárín méjèèjì.

Àríyànjiyàn wà lórí ọ̀ràn yìí láàárín àwọn onímọ̀. Ní 1997, Edward Tufte kọ̀wé pé àwọn ẹnjinníà náà ni kò mọ bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀: nínú ìwé mẹ́tàlá tí wọ́n fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí èyí tí ó to òtútù àti ìpalára òrùka sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún gbogbo ìrìn-àjò tí ó ti kọjá. Boisjoly àti àwọn mìíràn dáhùn pé Tufte kò mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn lálẹ́ náà. Ṣáájú èyí, ní 1996, Diane Vaughan, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tí kò dára di ohun tí ó mọ́ wọn lára: òrùka jó lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ padà bọ̀ láyọ̀, ó tún jó, ó tún padà bọ̀.

Ní ojú tèmi, ọ̀rọ̀ Tufte ní òdodo díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kò tó. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó ní ẹ̀rí gbọ́dọ̀ to ẹ̀rí rẹ̀ kí ojú lè rí i. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n yí ẹrù ẹ̀rí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọkọ̀ gbéra ni yóò fi hàn pé kò séwu. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tí ó ní kí ó dúró ni a ní kí ó fi hàn dájúdájú pé ewu wà. Kò sí ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ tí ó lè gba ẹnu là lọ́wọ́ etí tí ó ti pinnu tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n bẹ̀rù ẹni tí wọn ó jẹ́ iṣẹ́ fún ju ẹni tí ó rán wọn lọ.

6. Èkó: omi Ìjù àti Herbert Macaulay

Ìbáṣepọ̀ ẹnjinníà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ ni a ti ń sọ bọ̀. Ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ará ìlú ńkọ́? Ní 1908, nígbà ayé Gómìnà Walter Egerton, ìjọba pinnu láti fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, àti pé kí àwọn ará Èkó san owó rẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ, ètò náà dára. Omi tí ó mọ́ a máa lé àrùn jìnnà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá onílé àti ìyálọ́jà jókòó sọ ọ́. Àwọn ènìyàn ní kànga, omi inú rẹ̀ kì í ṣe títà. Wọ́n sì gbà pé àwọn òyìnbó ni yóò gbádùn omi ẹ̀rọ náà jù. Wọ́n wọ́ lọ sí ilé gómìnà. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti ta ko owó omi. Ilé-iṣẹ́ omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1915, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1916 tí a fẹ́ gba owó, ìlú tún gbóná. Omi dé, ìfọkànsìn kò dé.

Ẹnjinníà kan wà lára àwọn tí ó ta ko owó omi náà. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà ní Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1890, ó sì padà sí Èkó ní 1893 láti máa wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ń dá iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ṣe. Ní 1920, ó bá Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀ràn ilẹ̀ Apápá tí ìjọba gbà. Ní 1921, ilé-ẹjọ́ Privy Council dá Olúwa láre. Ìmọ̀ Macaulay nípa ilẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ kí ó yàtọ̀ ni pé ó lè sọ ọ̀ràn ilẹ̀ lédè tí adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ àti lédè tí ìdílé olóyè gbọ́, kí méjèèjì sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ògbufọ̀ ni, kì í ṣe ti èdè méjì nìkan; ti ìmọ̀ méjì ni.

Kí a má rò pé ọ̀ràn yìí ti tán láàárín wa. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ju ènìyàn 40 lọ. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde pé ilé-iṣẹ́ ẹnjinníà kan tí ó ń dámọ̀ràn lórí ilé náà ti kọ̀wé yọ ara rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ọ̀hún ní 2020. Onílé ni ó kọ ọ́ sí. Bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti lébìrà tí ó ń gun àkàbà lójoojúmọ́ kò sí lára àwọn tí a kọ lẹ́tà sí.

7. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́

Ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ẹnjinníà ti mọ̀ pé ìṣirò nìkan kò tó. Ní 1955, ìjábọ̀ tí a fi orúkọ L. E. Grinter pè ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀kọ́ ẹnjinníà jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn àti àwùjọ. Níhìn-ín, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka fi ẹ̀kọ́ àpapọ̀ lélẹ̀ láti 1960, àwọn yunifásítì yòókù sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ohun tí a sábà máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjinníà lábẹ́ orúkọ yìí ni gírámà Gẹ̀ẹ́sì àti lẹ́tà kíkọ. McLure mọ lẹ́tà kọ. Boisjoly mọ ọ́n kọ. Àìmọ̀kọ kọ́ ni ó pa àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Mo rí ohun mẹ́ta tí ìtàn yìí ń béèrè. Èkíní, kí ẹnjinníà mọ̀ pé iṣẹ́ tí ó rán kò tíì di jíjẹ́ títí ẹni tí ó wà lórí irin yóò fi gbọ́ ọ, tí yóò sì dá a lóhùn. Èkejì, kí a kọ́ ọ̀gá ní gbígbọ́ bí a ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní sísọ. Ọ̀wọ̀ fún àgbà jẹ́ ohun iyebíye nínú àṣà wa, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí ó bá di ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu nígbà tí ó rí i pé òpó ń ya ti di ìpàǹpá sí ikú. Àgbà tí ó bá fẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún òun níbi iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè pé, ‘Kí ni o rí tí n kò rí?’

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹnjinníà wa fi kàwé, Yorùbá ni bíríkìlà àti fọ́ọ́màn fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa. Ẹnjinníà tí kò lè sọ ní Yorùbá tí ó yè kooro ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ bu omi kún kọnkéré kọjá ìwọ̀n, àwòrán rẹ̀ lè péye, ilé rẹ̀ kò dájú. Iṣẹ́ wa ni èyí, àwa tí a ń kọ́ni ní èdè: kí a jókòó ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kí a kó ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò jọ, kí a sì fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjinníà.

8. Àgbálọgbábọ̀

Mo béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ta ni ó rán ẹnjinníà níṣẹ́. Ẹni tí ó ń san owó rẹ̀ lè rò pé òun ni. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó san owó McLure kọ́ ni ó wà lórí afárá Quebec. Àwọn ọmọ Kahnawake ni. Àwọn ìjòyè Thiokol kọ́ ni ó wọ Challenger. Olùkọ́ kan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn tí yóò fi ara wọn lé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ láìmọ ìṣirò rẹ̀, àwọn ni ó rán ẹnjinníà. Àwọn ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù. Ọ̀gá, onílé àti ìjòyè wulẹ̀ jẹ́ ẹni tí yóò jẹ́ iṣẹ́ náà fún ni. Bí ojú wọn tilẹ̀ le, kí ó jẹ́ ẹ fún wọn lódindi.